Bí mo ṣe rí shading àti irun ṣe nínú àwòrán ojú àbúrò mi

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àwòrán ojú àbúrò mi obìnrin tí mo fi pẹ́ńsùlù yà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe é torí ó ti pẹ́ tí shading (kíkun ibi tó dúdú àti ibi tó mọ́lẹ̀) àti irun ti ń dà mí láàmú. Ojú á jọ ojú, imú á jọ imú, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ á kàn rí pẹlẹbẹ lórí bébà, irun á wá dà bíi fìlà tí wọ́n dé fún onítọ̀hún.

Mo gbé èyí tí mo yà tẹ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fótò ẹ̀, mo sọ fótò yẹn di dúdú àti funfun lórí fóònù, mo wá rọra dijú díẹ̀ bí ẹni tí oòrùn mú lójú, mo ń wo méjèèjì pọ̀. Háà! Ibi tó dúdú kirikiri nínú fótò, àwọ̀ eérú lásán ló wà níbẹ̀ nínú tèmi. Dúdú ni mo ń bẹ̀rù látọjọ́ yìí. Pẹ́ńsùlù HB nìkan ni mo sì fi ya gbogbo ẹ̀, bẹ́ẹ̀ HB níbi tó lè dúdú mọ, tó o bá tẹ̀ ẹ́ jù bébà ló máa dégbò. Graphite, èròjà dúdú kan, ni wọ́n ń pò mọ́ amọ̀ láti fi ṣe inú pẹ́ńsùlù, tí amọ̀ bá pọ̀ á le, kò ní dúdú púpọ̀, ìyẹn ni H, tí graphite bá pọ̀ á rọ̀ á sì dúdú, ìyẹn ni B. HB wà láàárín méjèèjì, bí nọ́ńbà iwájú B bá sì ṣe tóbi tó ló ṣe máa dúdú tó. Torí náà 2H ni mo lò níbi tí ìmọ́lẹ̀ bà lé, HB àti 2B láàárín, 4B àti 8B fún dúdú gidi.

Kí n tó fọwọ́ kan ojú rárá, mo gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo ya àpótí kéékèèké 7 sí i, àkọ́kọ́ funfun, ìkeje dúdú débi tí 8B lè dúdú dé, mo wá lu ihò sáàárín ìkọ̀ọ̀kan. Mo tẹ fótò yẹn jáde, mo ń gbé ihò yẹn lé e lórí láti mọ àpótí tó bá ibẹ̀ mu. Funfun ẹyinjú ẹ̀ tí mo máa ń fi sílẹ̀ láìkùn, àpótí 3 ló jẹ́! Ìpéǹpéjú ló ṣíji bò ó.

Ara ojú, mi ò fi ìka pa á mọ́, torí òróró ara máa ń jẹ́ kó dàpọ̀ bálabàla, írésà ò sì ní lè pa á rẹ́ mọ́. Mo kàn ń kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìpele lórí ìpele. Ẹ wo etí àgbọ̀n dáadáa: ibi tó dúdú jù ò sí létí pátápátá, inú díẹ̀ ló wà, torí ìmọ́lẹ̀ tó ta padà láti ara aṣọ máa ń tan etí yẹn díẹ̀. Ìgbà tí mo fi ìmọ́lẹ̀ yẹn sílẹ̀ níbẹ̀ ni ojú tó yọ róbótó, mo jókòó mo kàn ń wò ó ni.

Irun wá ni ọ̀rọ̀ gan-an. Tẹ́lẹ̀, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, kò sì lè dáa bẹ́ẹ̀ láé. Lọ́tẹ̀ yìí mo ka gbogbo irun sí bọ́ọ̀lù kan tí ìmọ́lẹ̀ ń bà láti apá òsì, mo kùn ún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo fi 4B sí ẹ̀yìn etí àti ìpàkọ́, ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wá fọ́nrán. Irun ẹ̀ ká kókókó, torí náà òbìrìkìtì wẹ́wẹ́ ni mo ń yí, ọ̀kan ń gun ọ̀kan. Ní ẹ̀bátí tí irun ti lẹ̀, láti ìdí ni mo ti ń fà á, mo sì ń gbé ọwọ́ sókè kó tó dópin kí ṣóńṣó ẹ̀ lè tín-ín-rín. Etí irun níwájú orí, ẹ má fa ìlà síbẹ̀ o! Mo jẹ́ kí àwọ̀ ara wọ abẹ́ irun lọ, mo wá ta irun wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ díẹ̀ jáde sórí ẹ̀. Lẹ́yìn náà mo mú írésà tó rọ̀ bí amọ̀ yẹn, mo fún ẹnu ẹ̀ títí ó fi mú, mo fi ń ṣí ìmọ́lẹ̀ sínú irun, mo sì tún fi 4B kun ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì, torí dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ ló ń mú kí fọ́nrán náà tàn.

8B ṣì ń dán ní ìpàkọ́, téèyàn bá ya fótò ẹ̀ lábẹ́ iná á funfun bíi páànù. Mo gbìyànjú láti fi èédú kun orí ẹ̀, kò mú rárá torí ojú ibẹ̀ ti yọ̀, nítorí náà mo fi írésà ṣí díẹ̀ kúrò, mo padà fi 4B kùn ún láìtẹ̀ ẹ́. Mo dorí àwòrán náà kodò wò ó lọ́jọ́ kejì, mo rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún fi àpótí kan mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìpele 2B méjì ló gbà, mo wá kọ déètì sí ìsàlẹ̀.