Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú dídán aṣọ òtútù fífúyẹ́ wò

Nígbà ọyẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn ọlọ́kadà ti ń gbé èrò láti Kàbà lọ sí Mopa àti Ìsánlú. Òmíràn á wọ súwẹ́tà méjì lé ara wọn, òmíràn á ki páálí bọ abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì níwájú àyà. Àwọn tó ń ru ẹja nínú ilé ẹja yìnyín náà wà, tí òtútù -18 °C ń pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, tí ọ̀pọ̀ wọn kò sì wọ̀ ju ṣẹ́ẹ̀tì lọ. Nítorí irú wọn ni àwọn télọ̀ àti ọ̀dọ́ wa ṣe ń rán jákẹ́ẹ̀tì fífúyẹ́ onípele báyìí: aṣọ tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró lóde, fáíbà ìrọ̀rí tàbí òwú àràbà láàárín, aṣọ múlọ́múlọ́ nínú. Iṣẹ́ tó yẹ ká gbárùkù tì ni. Ohun tó ń ká mi lára ni bí a ṣe ń dán aṣọ náà wò kí a tó tà á. Ẹni tí a bá sọ fún pé aṣọ yìí ti yege yóò gbẹ́kẹ̀ lé e lójú ọ̀nà, ibẹ̀ ni yóò sì ti mọ̀ pé irọ́ ni.

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lórí kókó kan. Kì í ṣe fáíbà, kì í ṣe òwú, ló ń mú kí ara móoru. Afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ láàárín wọn ni. Fáíbà kàn ń dì í mú kó má rìn ni. Afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ kì í fẹ́ jẹ́ kí ooru gba ara rẹ̀ kọjá. Pọ́líẹ́stà, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń ṣe fáíbà ìrọ̀rí, bí kò bá ní afẹ́fẹ́ nínú rárá, ń jẹ́ kí ooru kọjá ju ti afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po márùn-ún ó lé, omi sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní 20. Bí ìdánwò kan bá tẹ afẹ́fẹ́ yìí jáde, tó jẹ́ kó máa rìn, tàbí tó fi omi rọ́pò rẹ̀, tí a kò sì kíyè sí i, ohun tí a kọ sílẹ̀ kò wúlò.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ kàn án, ṣé ẹ rí i bó ṣe móoru?” Ẹ má ṣe fi èyí ta aṣọ fún ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ tí ooru fi ń kúrò lọ́wọ́ wa nìkan ni ọwọ́ ń mọ̀. Ẹ fọwọ́ kan ìta jákẹ́ẹ̀tì tó ń dán, yóò tutù. Ẹ fọwọ́ kan inú rẹ̀ tó ní irun, yóò móoru. Jákẹ́ẹ̀tì kan náà ni.

Ìdánwò tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni ti ìgò omi gbígbóná: a ó da omi gbígbóná sínú ìgò, a ó fi aṣọ wé e, a ó máa wo bó ṣe ń tutù. Ìdánwò tó dáa ni, kì í ná èèyàn lówó, ó sì lè sọ òótọ́ bí a bá ṣe é bó ṣe yẹ. Àmọ́ ọ̀nà tí a fi ń bà á jẹ́ pọ̀. A ó wé ara ìgò, a ó fi ìdérí sílẹ̀ ní gbangba. Ooru á gba òkè jáde, aṣọ tó dáa àti èyí tí kò dáa á wá fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà. A ó gbé e kalẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, sìmẹ́ǹtì á máa fa ooru rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Omi inú ọ̀kan á kún, ti èkejì á dín. Òmíràn á fi okùn so aṣọ náà pinpin mọ́ ìgò, gbogbo afẹ́fẹ́ inú fáíbà á sì jáde. Ẹ gbé ìgò lé orí fóòmù tó nípọn, ẹ dé e pa, ẹ wé e látòkè délẹ̀ láì fún un pọ̀, kí ẹ sì wọn omi inú gbogbo wọn lórí òṣùwọ̀n kó dọ́gba.

Èyí tó burú jù ni pé a kì í ní ìgò tí a kò wé rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù. Afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ara ìgò lóde náà ń dá ooru dúró díẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ yọ iṣẹ́ tirẹ̀ kúrò kí a tó mọ iye tó jẹ́ ti aṣọ. Ká sọ pé yàrá wà ní 25 °C, tí omi sì bẹ̀rẹ̀ ní 75 °C. Àlàfo àárín wọn jẹ́ 50. Ẹ ka iye ìṣẹ́jú tí àlàfo yìí fi di ìdajì, ìyẹn ìgbà tí omi bá dé 50 °C. Bí ìgò tí a kò wé bá lo ìṣẹ́jú 40, tí aṣọ kìíní lo 60, tí aṣọ kejì lo 80, ọ̀pọ̀ èèyàn á ní aṣọ kejì kàn fi ìdá kan nínú mẹ́ta ju ti àkọ́kọ́ lọ ni. Rárá o. Ẹ yọ 40 kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ku 20 àti 40. Ìlọ́po méjì ló jẹ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn ní láàbù tó ń tẹ̀ lé ìlànà ISO 11092, ìyẹn ìlànà àgbáyé fún wíwọn bí aṣọ ṣe ń dá ooru dúró tó: wọ́n á kọ́kọ́ wọn pẹpẹ gbígbóná lófo, wọ́n á tẹ́ aṣọ lé e, wọ́n á sì yọ iye ti òfo kúrò. Pẹpẹ náà ń wà ní 35 °C, ó sún mọ́ ooru awọ ara, wọ́n sì ń mú etí rẹ̀ gbóná tó bẹ́ẹ̀ kí ooru má bàa gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ. Ẹ̀là aṣọ mẹ́ta ni wọ́n ń dán wò, ó kéré tán. Ẹ̀là kan ṣoṣo lè tàn wá jẹ.

Ẹ má sì sọ ọ́ di òfin pé ìgbà tí omi bá dé 40 °C ni ìdánwò parí. Yàrá tó wà ní 20 °C láàárọ̀ ọyẹ́ lè ti kọjá 30 °C lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Ní 20 °C, ìdajì ti omi 75 °C bọ́ sí 47.5 °C, kì í ṣe 50. Ẹni tó dán aṣọ kan wò láàárọ̀, tó dán èkejì wò lọ́sàn-án, kò fi aṣọ wéra. Ó fi àárọ̀ wé ọ̀sán ni.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ńkọ́? A ó dán ẹ̀là fáíbà tó wú bọ́ọ̀fọ́bọ́ọ̀fọ́ wò, a ó wá rán jákẹ́ẹ̀tì tí ìlà abẹ́rẹ́ kọjá lára rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá ti gba ìta dé inú, aṣọ ti fún pọ̀, afẹ́fẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́, òtútù á gba ojú ìlà yẹn wọlé. Ẹ rán an tán kí ẹ tó dán an wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni rúlà tí a ń tẹ̀ mọ́ aṣọ láti mọ bó ṣe nípọn tó: bí ọwọ́ kan bá tẹ̀ ẹ́ ju èkejì lọ, iye méjì ló máa jáde lára aṣọ kan. Ẹ gbé páálí kékeré kan náà lé e nígbà gbogbo, kí ẹ wọn gíga páálí náà.

Nípa afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà, mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀. Ọlọ́kadà tó ń sáré 60 km ní wákàtí kan ń pàdé afẹ́fẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti láàbù tí mo sọ lókè yẹn kò ju mítà kan lọ. Aṣọ tó yege nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì lè má ran ẹni tó wà lórí ọ̀kadà lọ́wọ́ rárá, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá ti gba ara aṣọ ìta wọlé, fáíbà kò ní nǹkan kan tó máa dì mú mọ́. Fáànù kò lè sáré tó ọ̀kadà, ṣùgbọ́n ó máa fi hàn wá ibi tí nǹkan wà. Ẹ gbé ìgò síwájú fáànù tó ń yí kíkankíkan, kí àlàfo tó wà láàárín wọn dọ́gba fún gbogbo aṣọ, kí ìgò tí a kò wé náà wà níbẹ̀, kí ẹ tún ìdánwò náà ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ wo síìpù, ọrùn àti ẹnu ọwọ́. Ẹ̀là aṣọ kò ní síìpù, jákẹ́ẹ̀tì ní.

Fọ́ìlì dídán ti wá di àṣà báyìí, torí a gbọ́ pé irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń bo sátẹ́láìtì. Ooru tó ń tàn ni fọ́ìlì ń dá padà, ó sì nílò àlàfo níwájú rẹ̀. Bí a bá rán an mọ́ àárín aṣọ méjì tó fún pọ̀, ooru á gba ara rẹ̀ kọjá bó ṣe ń gba ara irin, òógùn kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Ibi tí sátẹ́láìtì wà, kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀. Àṣìṣe míì tún wà tó ń bá fọ́ìlì rìn: a ó gbé tẹmómítà oníbọn tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí nígbà Kòrónà, a ó nà án sí ojú fọ́ìlì. Aṣọ lásán ń tú bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán ooru tó yẹ kó tú. Alumíníọ́mù dídán kì í tó ìdá 10. Ooru yàrá tó ń tàn padà lójú fọ́ìlì ni ìbọn náà máa kà, a ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ooru kò jáde. Ẹ lẹ téèpù bébà mọ́ ọn, ẹ dúró kó gbóná tó o, kí ẹ wá nà án sí téèpù náà.

Bí a bá ń pe aṣọ ní fífúyẹ́, a gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹni tó gé 10 cm sí 10 cm, tó wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná, tó sì fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀, ti fi àṣìṣe gíráàmù kan péré dá 100 gíráàmù sílẹ̀ nínú mítà kan níbùú lóròó. Ẹ gé 50 cm sí 50 cm, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ìgbà tí a wọ̀n ọ́n náà ṣe pàtàkì. Mo fẹ́ràn kí kíjìpá wà lóde jákẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí àwọn ìyá wa ní Bùnú ń hun láti ìran dé ìran, torí ó lágbára, tiwa sì ni. Ṣùgbọ́n òwú ń mu omi inú afẹ́fẹ́: ní 20 °C, tí ọ̀rinrin bá jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ń gbà tó 8.5 gíráàmù lórí 100 tirẹ̀. Pọ́líẹ́stà ń gba 0.4. Kíjìpá tí a wọ̀n ní oṣù Ògún tí òjò ń rọ̀, kì í ṣe ìwọ̀n kan náà ni yóò jẹ́ nígbà tí ọyẹ́ bá ti gbẹ ẹ́. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ wọn gbogbo aṣọ tí ẹ fẹ́ fi wéra.

Gbígbẹ la máa ń dán aṣọ wò, tútù lèèyàn ń wọ̀ ọ́. Ẹni tó ń ru páálí ẹja máa làágùn, lẹ́yìn náà á dúró, òtútù á sì mú un gidigidi. Ẹ wọn omi díẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, ẹ fi fọ́n inú aṣọ náà, kí ẹ tún un dán wò. Ẹ fọ̀ ọ́ ní ìgbà mélòó kan. Ẹ fi ẹrù wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ mọ́jú, kí ẹ wo bóyá yóò tún wú. Ibẹ̀ ni òwú àràbà ti máa ń já èèyàn kulẹ̀: inú rẹ̀ ṣófo, ìda tó wà lára rẹ̀ kì í jẹ́ kí omi tètè wọ̀ ọ́, wọ́n sì ti fi ṣe aṣọ ìléfòó fún àwọn atukọ̀ rí, ṣùgbọ́n bí a bá ń fọ̀ ọ́ lemọ́lemọ́, ó máa ń lẹ̀ mọ́ra.

Bí ẹ bá rí “tog” tàbí “clo” lára ọjà òkèèrè, ìyẹn òṣùwọ̀n méjì tí wọ́n fi ń sọ bí aṣọ ṣe ń dá ooru dúró tó, ẹ má fi ọ̀kan ṣe èkejì. Clo kan jẹ́ 1.55 tog. Àwọn ará Yúróòpù náà ya ìlànà aṣọ òtútù tí wọ́n ń pè ní EN 342, fún òtútù tó lọ sísàlẹ̀ -5 °C, sọ́tọ̀ kúrò lára EN 14058, fún èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ ọyẹ́ kì í ṣe aṣọ ilé ẹja yìnyín, kí ẹnikẹ́ni má ta ọ̀kan ní orúkọ èkejì.

Iná ló kù. Àwọn máígáàdì wa máa ń yáná lóru ọyẹ́, a kì í sì í ronú kàn án nígbà tí a bá ń dán aṣọ wò. Pọ́líẹ́stà ń yọ́ ní nǹkan bí 250 °C, ó sì ń lẹ̀ mọ́ awọ ara bó bá yọ́. Òwú àràbà ń gbaná kíákíá. Ẹ má ṣe ṣáná sí jákẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni wọ̀ láti fi hàn pé kì í jó. Ẹ gé ẹ̀là tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní gbogbo ìpele náà, ẹ fi ẹ̀mú dì í mú níta gbangba, kí yanrìn wà nínú garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ wo bóyá ó ń kán sílẹ̀, àti bóyá iná ń bá a lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé ìṣáná kúrò. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí ọrùn aṣọ náà ní Yorùbá pé kí ẹni tó wọ̀ ọ́ má sún mọ́ iná, kí ẹ sì tún fi ẹnu sọ fún ẹni tó rà á.