Bí A Ṣe Lè Fi Eré Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Ọnà

Ẹni tó bá jókòó ti ìwé òfìfo, tó ń dúró de èrò tó dára kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan, sábà máa ń dìde bó ṣe jókòó. Kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́. Ó ti ń dá ẹjọ́ iṣẹ́ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni. Eré ló ń tú ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n eré náà gbọ́dọ̀ ní òfin, nítorí eré tí kò lófin kì í pẹ́ tú ká. Àwọn ọmọdé pàápàá mọ èyí.

Òfin àkọ́kọ́ ni pé kí ohun èlò mọ níwọ̀n. Friedrich Froebel, tó dá jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ ní Jámánì ní 1837, kò fún àwọn ọmọdé ju bọ́ọ̀lù, igi gígé àti irú nǹkan kéékèèké bẹ́ẹ̀ lọ. Frank Lloyd Wright, ayàwòrán-ilé ará Amẹ́ríkà tó fi wọ́n ṣeré ní kékeré, sì jẹ́rìí nígbà tó dàgbà pé àwọn igi wọ̀nyẹn kò kúrò ní ìka òun. Nítorí náà, ẹ mú ìwé aláwọ̀ méjì àti àlùmọ́gàjí, ẹ gbé pẹ́ńsù jìnnà, ẹ yí aago sí ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì máa gé láì kọ́kọ́ ya ohun tí ẹ fẹ́ gé. Bí ẹ bá gé ohun róbótó kan jáde, ẹ wo ihò tó fi sílẹ̀ dáadáa. Etí ihò náà, níbi tí ọwọ́ ti yọ̀ díẹ̀, sábà máa ń ní ẹ̀mí ju ohun tí ẹ gé lọ. Èmi ti da ọ̀pọ̀ irú àjákù bẹ́ẹ̀ nù kí ojú mi tó là.

Eré tí mo fẹ́ràn jù gba ènìyàn mẹ́ta. Àwọn ayàwòrán kan ní Paris ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1925. Ẹ ká ìwé kan sí mẹ́ta. Ẹni àkọ́kọ́ á ya orí, á jẹ́ kí ìlà ọrùn méjèèjì yọ díẹ̀ kọjá ojú ìká, á wá ká orí náà sẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Ẹnì kejì á ya ara láti ibi tí ìlà méjèèjì dé, ẹnì kẹta á ya ẹsẹ̀. Bí ẹ bá tú u, ẹ ó rí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò lè dá rò, torí kò sẹ́ni tó ni àwòrán náà débi tí yóò fi máa darí rẹ̀. Ẹni tó dá wà lè ya orí lónìí, kí ó ya ara lọ́la. Kò dùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ tún lè gba iṣẹ́ nǹkan kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1942, Pablo Picasso, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, so ìjókòó kẹ̀kẹ́ ológeere mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, wọ́n sì di orí akọ màlúù. Ojú tó fi wò wọ́n nìkan ló yàtọ̀.

Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún oníbàárà, ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni àyè eré wà, kí àkókò tó fún un lọ́rùn. Ẹ má sì tètè gbé ohun tí ẹ yà sínú kọ̀ǹpútà, tí í máa na ìlà wíwọ́ kí ẹ tó mọ̀ bóyá wíwọ́ rẹ̀ gan-an lẹ nílò. Púpọ̀ nínú ohun tó bá jáde kò ní wúlò. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìwé, ẹ kọ déètì sí i, kí ó sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ mú ọ̀kan péré, kí ẹ sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.