Bí a ṣe ń gbé switch kalẹ̀ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì oníwáyà

Ihò mẹ́rin péré ló sábà máa ń wà lẹ́yìn router, ìyẹn àpótí tó ń mú íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, fún ẹ̀rọ tó bá fẹ́ lo wáyà. Kọ̀ǹpútà méjì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan àti tẹlifíṣọ̀n kan, ó ti kún nìyẹn. Ẹ̀rọ karùn-ún tó bá dé kò ní ríbi dúró sí. Switch la fi ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí: wáyà kan ṣoṣo á ti ọ̀dọ̀ router wá, ihò púpọ̀ á sì ṣí sílẹ̀ fún àwọn tó kù.

Mo ti gbé switch kalẹ̀ nínú ilé, mo ti gbé e kalẹ̀ ní ọ́fíìsì, ohun tí mo sì rí ni pé switch fúnra rẹ̀ kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Wáyà ló máa ń fa wàhálà, àti ìkánjú ẹni tó ń so wáyà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wáyà fi máa pọ̀ nínú àlàyé mi.

Iṣẹ́ tí switch ń ṣe

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ àpótí yìí á tètè mọ ibi tí ìṣòro wà nígbà tó bá yọjú, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ tó ń wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ní àdírẹ́sì MAC, ìyẹn nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti fún un. Bí ẹ̀rọ kan bá fi ìsọfúnni ránṣẹ́, switch á wo MAC rẹ̀, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni báyìí wà ní ihò kẹta. Nígbà tí ìsọfúnni bá wá dé fún ẹni yẹn, ihò kẹta nìkan ló máa gbé e gbà. Bí kò bá tíì mọ ibi tí ẹnì kan wà, á fi ìsọfúnni náà ránṣẹ́ sí gbogbo ihò yòókù, ẹni tó bá dáhùn, á kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ kan bá dákẹ́ pẹ́, bí ìṣẹ́jú 5 lórí ọ̀pọ̀ switch, á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, títí yóò fi tún sọ̀rọ̀.

Ohun tí switch kò ṣe náà ṣe pàtàkì. Kì í pín àdírẹ́sì IP, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń jẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fún ẹnikẹ́ni, kò sì mọ ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì. Router ló ń ṣe méjèèjì. Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá rí àdírẹ́sì IP gbà, ẹ má bínú sí switch, ẹ lọ wo bóyá ọ̀nà àtidé ọ̀dọ̀ router ló já.

Èyí tó yẹ kí ẹ rà

Ẹ ka iye ẹ̀rọ tó máa wà lórí rẹ̀, ẹ fi ihò kan kún un fún wáyà tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ router, kí ẹ tún fi méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú. Oníhò 5, 8, 16, 24 àti 48 ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra oníhò 5 bí agbára rẹ̀ bá ká 8, torí kì í pẹ́ kún.

Gigabit, ìyẹn oní-1000 Mbps (Mbps la fi ń wọn ìyára nẹ́tíwọ́ọ̀kì), ni kí ẹ rà. Ẹ wò ó báyìí: bí ẹ bá fẹ́ gbé fáìlì 10 GB láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, switch oní-100 Mbps máa lò tó ìṣẹ́jú 13 bí gbogbo nǹkan bá tilẹ̀ lọ geere. Lórí gigabit, kò ju ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ lọ. Àmọ́ o, switch kò lè fi kún ìyára íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń sanwó rẹ̀. Láàárín àwọn ẹ̀rọ yín síra wọn lẹ ti máa rí ìyàtọ̀.

Bí ẹ bá ní kámẹ́rà ara ògiri tàbí fóònù tó ń gba iná láti inú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, switch PoE lẹ nílò. Ìlànà 802.3af ń fún ihò kan ní wáàtì 15.4, 802.3at ń fún un ní 30. Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń kó sí gọ́tà ni pé wọn kì í wo àpapọ̀ wáàtì tí switch lè pín. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 60, kò lè fún ihò mẹ́jọ ní 30 ní 30. Ẹ ro gbogbo kámẹ́rà yín pọ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ó ku ọ̀rọ̀ pé ṣé kẹ́ ẹ ra managed tàbí unmanaged. Unmanaged kò ní ètò kankan tí ẹ máa ṣe sí i. Bí ẹ bá ti so ó mọ́ iná, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Òun ló tó ọ̀pọ̀ ilé. Managed wà fún ẹni tó fẹ́ pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ sí yàrá yàrá. Màá padà sórí rẹ̀ nísàlẹ̀.

Wáyà

Cat5e tàbí Cat6 ni kí ẹ lò. Méjèèjì gbé gigabit dáadáa, bí wáyà kò bá ti ju mítà 100 lọ láti switch dé ibi ẹ̀rọ. Ẹ wo ara wáyà kí ẹ tó rà á. Bí ẹ bá rí CCA lára rẹ̀, álúmíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe bàbà gidi. Ó ń tètè kán, kò sì dára fún PoE rárá torí ó máa ń gbóná. Bàbà gidi ni kẹ́ ẹ rà, kódà bó bá máa ná yín díẹ̀ sí i.

Ẹni tó bá ra wáyà tó ti ní orí lápá méjèèjì lè fo ìpínrọ̀ méjì tó kàn. Ẹni tó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe orí wáyà ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Okùn tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà nínú wáyà náà, wọ́n lọ́ wọn pọ̀ ní méjì méjì. Ẹ bó awọ òde bí ìdajì ìka, ẹ tú wọn, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ́ wọn títí wọ́n á fi gún, kí ẹ wá tò wọ́n báyìí láti apá òsì: funfun onílà ọsàn, ọsàn, funfun onílà ewé, búlúù, funfun onílà búlúù, ewé, funfun onílà búráùn, búráùn. Ìlànà T568B nìyí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni ìkẹrin àti ìkẹfà: ewé tò lẹ́yìn funfun onílà ewé lójú wọn, bẹ́ẹ̀ búlúù ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ gé ẹnu wọn kó dọ́gba, ẹ di orí RJ45 mú kí ahọ́n rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹ tì wọ́n wọlé títí ẹ ó fi rí bàbà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó ń dán níwájú. Awọ òde náà gbọ́dọ̀ wọnú orí yẹn kí ẹ tó fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá kù síta, ọjọ́ tí ẹnì kan bá fa wáyà yẹn díẹ̀ ló máa já.

Ẹ má tú ohun tí wọ́n lọ́ pọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ lọ. Lílọ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí àwọn okùn máa da ara wọn láàmú. Ẹ sì mọ̀ pé gigabit ń lo okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, nígbà tó jẹ́ pé mẹ́rin péré ni 100 Mbps ń lò. Nítorí náà, bí ọ̀kan bá já nínú wọn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè máa ṣiṣẹ́ síbẹ̀, àmọ́ á máa wọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ní kọ̀ǹpútà kan ń falẹ̀, orí wáyà ni mo máa ń kọ́kọ́ gé tí mo máa tún ṣe, ẹ̀rọ ọ̀hún á sì jí.

Síso ó pọ̀

Ẹ gbé switch síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, tí omi kò lè kán sí, tí ẹsẹ̀ kò sì lè kọ́ wáyà rẹ̀. Ẹ so ó mọ́ iná, ẹ jẹ́ kó tàn tán.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ mú wáyà kan láti ọ̀dọ̀ router. Ihò LAN ni kẹ́ ẹ ti mú un, kì í ṣe ihò WAN. Ihò WAN sábà máa ń dá wà tàbí kí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ti íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wọlé ni. Lápá switch, ihò tó bá wù yín lẹ lè fi sí bí ó bá jẹ́ unmanaged. Ẹ tì í títí ahọ́n rẹ̀ á fi dún kọ́. Bí kò bá dún, kò tíì wọlé. Iná ihò yẹn gbọ́dọ̀ tàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí àwọ̀ iná bá ju ẹyọ kan lọ lórí switch yín, ẹ wo ìwé tó bá a wá, torí ọ̀pọ̀ ló ń fi àwọ̀ sọ bóyá gigabit ni tàbí 100 Mbps.

Ó wá kan àwọn ẹ̀rọ. Ẹ so wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọ̀kan sí i, ẹ wo iná rẹ̀, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sórí bébà kékeré, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ wáyà náà lápá méjèèjì, kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn. Mo mọ̀ pé ó jọ àsọdùn. Ẹni tó bá ti dúró níwájú wáyà 24 tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ kan náà, tó ń wá èyí tó ń lọ sí yàrá kejì, kò ní bá mi jiyàn.

Dídán an wò

Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ ipconfig. Lórí Linux, ip addr ni. Bí àdírẹ́sì tí ẹ rí bá jọ ti router, bí àpẹẹrẹ 192.168.1.23 nígbà tí router jẹ́ 192.168.1.1, ẹ ti dé ilé. Bí ẹ bá rí èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kọ̀ǹpútà náà béèrè àdírẹ́sì, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ó wá fún ara rẹ̀ ní ọ̀kan. Ẹ yẹ wáyà tó so switch mọ́ router wò. Kí ẹ wá tẹ ping 192.168.1.1, tàbí àdírẹ́sì router tiyín. Bí ìdáhùn bá ń wọlé tí kò sí èyí tó sọ nù, ó ti dára. Ẹ ṣe é lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó lè pa gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀kan náà

Wọ́n pè mí lọ sí ọ́fíìsì kan lọ́jọ́ kan pé kò sẹ́ni tó lè ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo dé ìdí switch, gbogbo iná rẹ̀ ló ń ṣẹ́jú pọ̀ kíákíá, wọn kò dáwọ́ dúró rárá. Ẹnì kan ti rí orí wáyà kan nílẹ̀, ó rò pé ó yọ ni, ó sì fi í sí ihò tó ṣófo. Kò mọ̀ pé orí kejì wáyà yẹn ti wà nínú switch kan náà.

Bí wáyà kan bá jáde láti switch tó tún padà wọ inú rẹ̀, ìsọfúnni tó yẹ kó lọ sọ́dọ̀ gbogbo ẹ̀rọ á máa yí po, á máa pọ̀ sí i, títí àyè ò fi ní sí fún ohun mìíràn. Bákan náà ló máa rí bí ẹ bá fi wáyà méjì so switch méjì pọ̀ láìṣètò wọn fún un. Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà ni pé mo ń yọ wáyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń wo iná. Ìkeje ni mo yọ tí ara switch fi balẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ọgbọ́n tó ń dènà rẹ̀ wà. Radia Perlman, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, ló ṣe é, ó sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1985. Spanning Tree ni wọ́n ń pè é, tàbí STP. Switch tó bá ní in á rí i pé ọ̀nà méjì dé ibì kan náà, á sì ti ọ̀kan pa. Ọ̀pọ̀ unmanaged kékeré kò ní i, àmọ́ managed sábà máa ń ní i. Bí tiyín bá ní in, ẹ rí i dájú pé ó wà ní títàn.

Bí ó bá jẹ́ managed

Kó tó di pé ẹ so ó mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ so mọ́ ọn, torí àdírẹ́sì tó bá a wá lè jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti router yín. Ẹ wo àdírẹ́sì ọ̀hún lábẹ́ àpótí rẹ̀ tàbí nínú ìwé rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 192.168.0.1, ẹ fi ọwọ́ fún kọ̀ǹpútà yín ní 192.168.0.10, kí mask rẹ̀ jẹ́ 255.255.255.0, kí ẹ wá kọ àdírẹ́sì switch sínú búráwúsà.

Password ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Ẹ má sọ pé ó dọ̀la, torí èyí tó bá a wá wà lójútáyé fún ẹnikẹ́ni láti kà. Ẹ wá fún switch ní àdírẹ́sì tó bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín mu, tí kò sí lára àwọn tí router ń pín kiri.

VLAN ni ọ̀pọ̀ ń torí rẹ̀ ra irú switch yìí. Ó ń jẹ́ kí switch kan ṣe bí ẹni pé méjì tàbí mẹ́ta ni: kámẹ́rà lọ́tọ̀, kọ̀ǹpútà àlejò lọ́tọ̀, ti iṣẹ́ lọ́tọ̀, kò sí èyí tó ń yọjú sí èkejì. Nọ́ńbà VLAN ń bẹ láti 1 dé 4094. Ihò tó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ lásán máa wà nínú VLAN kan, ní untagged, ìyẹn láìsí nọ́ńbà VLAN lára ìsọfúnni. Ihò tó lọ sọ́dọ̀ router máa gbé gbogbo wọn, ní tagged, ìyẹn pẹ̀lú nọ́ńbà VLAN lára ìsọfúnni, router náà sì gbọ́dọ̀ mọ̀ wọ́n, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fọwọ́ kan VLAN ihò tí ẹ̀yin fúnra yín wà lórí rẹ̀ títí ẹ ó fi ṣe àwọn yòókù tán. Mo ti ti ara mi mọ́ta báyẹn rí, bọ́tìnnì reset nìkan ló gbà mí, mo sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá bọ́tìnnì Save, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Lórí ọ̀pọ̀ managed, Apply nìkan kò tó, ohun tí ẹ ṣe á lọ bí iná bá lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ wáyà iná switch, ẹ dúró díẹ̀, ẹ dá a padà, kí ẹ wọlé sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wò ó bóyá gbogbo ètò yín ṣì wà níbẹ̀.