Bí A Ṣe Ń Hùwà Lórí Pápá Gọ́ọ̀fù

Lórí pápá gọ́ọ̀fù, kò sí rẹfirí tó ń fọn fèrè tẹ̀lé yín kiri. Kálukú ló máa ń fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn bó bá rú òfin. Bí ìwà ẹnì kan bá sì burú jù, ìgbìmọ̀ lè yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje.

1. Kí ẹ tó kúrò nílé
Ẹ béèrè irú aṣọ tí kílọ́ọ̀bù náà fẹ́. Ọ̀pọ̀ kì í gba jíǹsì. Igi tí ẹ fi ń gbá bọ́ọ̀lù, tó wà nínú báàgì yín, kò gbọdọ̀ ju 14 lọ. Ẹ fi bírò sàmì sára bọ́ọ̀lù yín, torí ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù oníbọ́ọ̀lù lè jìyà rẹ̀.

2. Níbi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀
Ẹ má gbá a títí àwọn tó wà níwájú yóò fi kọjá ibi tí bọ́ọ̀lù yín lè dé. Bí ẹlòmíràn bá ń gbá a, ẹ dákẹ́, ẹ dúró sójú kan, ẹ má sì dúró sẹ́yìn bọ́ọ̀lù rẹ̀ gan-an. Àwa tí a fẹ́ràn ìkíni, ibí yìí ló ti le fún wa: bó ti wù kí ọ̀gá náà dàgbà tó, ẹ jẹ́ kó gbá a tán kí ẹ tó sọ pé “ẹ káàárọ̀, sà.” Bí bọ́ọ̀lù yín bá kọrí síbi tí èèyàn wà, ẹ lọgun “Fóò!” lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, kó fi apá bo orí. Kó má wòkè.

3. Lójú ọ̀nà
Ẹ má fi ìlọ́ra pa àwọn tó wà lẹ́yìn lára. Láti 2019, ìṣẹ́jú 3 péré ni òfin fi gbà yín láyè láti wá bọ́ọ̀lù tó sọnù. 5 ni tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń falẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọjá. Koríko tí igi yín bá hú, ẹ dá a padà kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tàbí kí ẹ fi iyanrìn dí ojú rẹ̀.

4. Nínú kòtò iyanrìn
Ibi tó rẹlẹ̀ ni kí ẹ gbà wọlé. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ fi réèkì pa ojú ẹsẹ̀ yín rẹ́.

5. Lórí gíríìnì
Gíríìnì ni ibi tí koríko ti kúrú jù, tí ihò wà. Níbí ni mo ti máa ń mọ ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ẹ má tẹ ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ẹlòmíràn máa gbà dé ihò, ẹ má sì jẹ́ kí òjìji yín bo ibẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó já láti òkè máa ń dá ihò kékeré sílẹ̀. Ẹ ki fọ́ọ̀kì àtúnṣe bọ etí ihò náà, kí ẹ ti koríko wá sáàárín yíká, kí ẹ wá fi ìdí igi tẹ̀ ẹ́ kó tẹ́jú. Ẹ má fi fọ́ọ̀kì hú u sókè láti ìsàlẹ̀ o. Gbòǹgbò á já, ibẹ̀ á sì gbẹ. Bí ẹ bá ti gbá a wọlé tán, ẹ kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó kọ máàkì.

6. Lẹ́yìn ihò 18
Ẹ ṣí fìlà, ẹ bọ ara yín lọ́wọ́. Bọ́ọ̀lù tó yà sígbó kì í ṣe ẹ̀bi kádì, ẹni tó ń bá yín gbé báàgì. Iye tí ẹ jọ sọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ san án fún un kí ẹ tó wọ ilé ọtí.