Ẹ gba àkọsílẹ̀ ìtọ́jú ọmọ yín
Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Bí ọmọ yín bá ti parí ìtọ́jú àìsàn jẹjẹrẹ, ẹ bẹ dókítà kí ó kọ àkọsílẹ̀ fún yín: orúkọ àìsàn náà gan-an, oògùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àròpọ̀ ìwọ̀n tí ọmọ gbà, àti ibi tí wọ́n darí ìtànṣán sí lára rẹ̀, bí wọ́n bá lò ó. Àròpọ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í béèrè, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣe kókó jù, nítorí pé doxorubicin, oògùn pupa tí ẹ mọ̀ yẹn, lè sọ iṣan ọkàn di aláìlágbára lẹ́yìn ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá bí àròpọ̀ rẹ̀ bá tó 250 mg/m² (ìyẹn ìwọ̀n oògùn tí wọ́n ṣírò gẹ́gẹ́ bí ara ọmọ ṣe tóbi tó). Cisplatin, oògùn jẹjẹrẹ mìíràn, ní tirẹ̀ lè dín agbára etí láti gbọ́ ohùn kù. Ọmọ tí olùkọ́ ń pè ní olóríkunkun lè jẹ́ ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ ohùn dáadáa. Ẹ ya fọ́tò ìwé náà sórí fóònù, nítorí pé ikán kò mọ ìwé pàtàkì. Bí ọmọbìnrin tí ó gba doxorubicin bá dàgbà tí ó sì lóyún, kí ó tètè fi ìwé yìí han dókítà, kí wọ́n lè yẹ ọkàn rẹ̀ wò.