Erin wọ oko rẹ: àwọn àṣìṣe tó yẹ kí o sá fún

Ẹni tó dáko nínú igbó ọba Omo, ní apá Ìjẹ̀bú ní ìpínlẹ̀ Ògùn, mọ ohun tí erin lè fi òru ọjọ́ kan ṣe. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń retí láti gé tà á ti wó lulẹ̀, igi kòkó á ti ṣẹ́. Kò sẹ́ni tó lè bá a wí pé inú ń bí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń bínú ṣe lẹ́yìn náà ló ń bà mí lẹ́rù.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí a yìnbọn lù ú. Ṣakabùlà kì í sábà pa erin, ó kàn máa ń ṣe é léṣe ni. Erin tó fara gbọta lè kọjú sí ẹni tó yìn ín, ó sì lè jẹ́ ìyá tó ń lọ pọnmi láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló máa ṣe kòńgẹ́ rẹ̀. Òfin Nàìjíríà kò fàyè gba pípa erin. Nǹkan bí oṣù 22 ni erin fi ń lóyún, nítorí náà èyí tí a bá pa kì í tètè ní àrọ́pò. Láti 2021 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá, ti ka erin inú igbó mọ́ ẹranko tó kù díẹ̀ kó run.

Má tú ajá sí i. Ajá tí erin bá lé, ọ̀dọ̀ olówó rẹ̀ ló ń sá padà sí. Má sún mọ́ ọn torí kí o lè fi fóònù yà á, pàápàá tó bá ní ọmọ lẹ́yìn. Kí ẹ má sì yí i ká: ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un láti padà sígbó.

Àwọn kan ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sójú ọ̀nà tí erin ń gbà lọ mumi. Ata ló yẹ ní etí ibẹ̀, erin kì í jẹ ẹ́. Ní Kẹ́ńyà, àwọn àgbẹ̀ ń fi wáyà so ilé oyin yí oko ká, torí erin ń sá fún kòkòrò oyin, wọ́n sì ń rí oyin tà.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà ń ṣàṣìṣe. Wọn a dé abúlé, wọn a wàásù, wọn ò ní wo oko tó bàjẹ́. Nàìjíríà ṣe ètò kan lórí ìdáàbòbò erin ní 2024, ó dára, àmọ́ àgbẹ̀ tí kò rí gbà-má-bínú kankan kò ní fetí sí i. Ẹ bá àwọn obìnrin tó ń ṣa òro sọ̀rọ̀ ná, torí erin wà lára ohun tó ń gbé kóró òro káàkiri igbó.

Bí erin bá ba oko rẹ jẹ́, má dúró di ọjọ́ kejì. Ya fọ́tò ibi tó bàjẹ́, kí o sì fi tó baálẹ̀ àti àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó létí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó parẹ́ nílẹ̀.