Bí a ṣe ń mọ ẹni tí a ó tì lẹ́yìn nínú ìdìbò abẹ́lé fún ipò ààrẹ

Ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù ní gúúsù Kwara, láti Ọ̀ffà títí dé Èrúkú, bí ìdìbò abẹ́lé fún ipò ààrẹ bá ti ń súnmọ́, ọmọ ẹgbẹ́ kì í sábà béèrè pé, "Ta ni kí á mú?" Ohun tí ó máa ń béèrè ni pé, "Ta ni wọ́n ní kí á mú?" Ẹni tí ìbéèrè kejì bá tẹ́ lọ́rùn lè dákẹ́ kíkà níbí. Ẹni tí ó bá fẹ́ béèrè ti àkọ́kọ́, yálà ọmọ ẹgbẹ́ lásán ni tàbí aṣojú tí yóò wọkọ̀ lọ sí Àbújá, òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àmọ̀ràn tí gbogbo ìyókù sì rọ̀ mọ́ ni pé kí ó kọ orúkọ ẹni tí ó yàn àti ìdí tí ó fi yàn án sórí ìwé, kí àlejò kankan tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Kí ẹ tó wo ojú olùdíje kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ bí ohùn yín yóò ṣe dé ibi tí wọ́n ti ń kà á. Nígbà ìdìbò ọdún 2023, Òfin Ìdìbò ti ọdún 2022 ni wọ́n lò, ó sì to ọ̀nà mẹ́ta kalẹ̀ fún ẹgbẹ́ òṣèlú nígbà náà: kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò fúnra wọn, kí àwọn aṣojú tí wọ́n yàn dìbò, tàbí kí wọ́n fẹnu kò sórí ẹnìkan ṣoṣo, èyí tí ó gbà kí gbogbo olùdíje yòókù fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yọ̀ǹda. Òfin àti ìlànà ẹgbẹ́ a máa yí padà láti ọdún ìdìbò kan sí òmíràn, nítorí náà ẹ bi akọ̀wé wọ́ọ̀dù yín léèrè èyí tí ẹgbẹ́ yóò lò lọ́tẹ̀ yìí, kí ẹ sì ní kí ó fi ìwé tí ó ti kà á hàn yín. Bí ó bá jẹ́ ti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ẹ lọ wò ó bóyá orúkọ yín wà nínú ìwé orúkọ ẹgbẹ́, torí káàdì inú àpótí nìkan kò tó. Bí ó bá jẹ́ ti aṣojú, ọjọ́ tí wọ́n bá ń yan aṣojú gan-an ni ọjọ́ ìdìbò yín, kì í ṣe ọjọ́ tí tẹlifíṣọ̀n bá ń ṣàfihàn Àbújá. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń sùn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tí a ó sì máa pariwo ní ọjọ́ kejì.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ní ọdún 2022, aṣojú mẹ́ta láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni APC lò. Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ni Kwara ní, èyí tí ó fún ìpínlẹ̀ wa ní aṣojú 48, méje tí ó wà ní gúúsù, ìyẹn Èkìtì, Ìfẹ́lódùn, Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìsin, Ọ̀ffà, Òkè-Ẹ̀rọ̀ àti Ọ̀yun, sì ní 21. Aṣojú kan péré láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni PDP lò ní tirẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ènìyàn méje ló sọ̀rọ̀ fún gbogbo gúúsù Kwara. Nínú ìdìbò abẹ́lé PDP yẹn, Atiku Abubakar ní ìbò 371, Nyesom Wike sì ní 237. Ìyàtọ̀ wọn kò ju 134 lọ. Níbi tí ìyàtọ̀ bá ti kéré tó bẹ́ẹ̀, kò sí olùdíje tí yóò fọwọ́ rọ́ ènìyàn méje sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń mọ ọ̀nà ilé aṣojú lóru.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ya iṣẹ́ ààrẹ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ gómìnà àti ti alága ìjọba ìbílẹ̀. Mo wà ní ìpàdé kan ní Òmù-Àrán níbi tí ọmọkùnrin kan tí olùdíje rán wá ti ní kí á sọ ohun tí a ń fẹ́. Ẹnìkan ní ìsọ̀ ọjà, ẹnìkan ní kànga ẹ̀rọ, ẹnìkan ní kí wọ́n tún òrùlé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe. Ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ wéréwéré, kò sì sí èyí tí kò gbà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ iṣẹ́ ààrẹ. Ìyá kan tí ó ń ta gàrí, tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ló wá bi í pé, "Ọmọ mi, ọ̀nà Èrúkú ńkọ́? Bí mo bá jáde lọ ra gàrí, ta ni yóò jẹ́ kí n padà wálé?" Bírò ọmọkùnrin náà dúró. Ìbéèrè ìyá yẹn gan-an ni ti ààrẹ, nítorí ọ̀nà tí ó ti Ìlọrin gba Òmù-Àrán kọjá sí Ẹ̀gbẹ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ọlọ́pàá àti ọmọ ogun sì wà lábẹ́ àṣẹ ìjọba yẹn kan náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn wọ ilé ìjọsìn ní Èrúkú, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn wọgbó lọ. Ẹni tí ó bá ń dupò ààrẹ tí ó sì ń ṣèlérí kànga fún yín, ẹ bá a padà sórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn.

Ní tèmi, ohun mẹ́ta ni mo kọ sí òkè ìwé mi: ààbò, ọ̀nà ńlá, àti ohun tí náírà lè rà lọ́jà. Ẹlòmíràn lè fi ọkọ̀ ojú irin Ọ̀ffà tàbí ọ̀rọ̀ yunifásítì kún un. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí olùdíje náà ti ṣe rí. Ẹ má kọ ohun tí ó ní òun yóò ṣe. Inú ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn wà, ìwé ètò kan náà ni wọ́n ń kà, nítorí náà ìlérí wọn a máa jọra bí ìbejì, ìtàn iṣẹ́ wọn nìkan ni yóò yà wọ́n. Ẹni tí ó ti ṣe gómìnà, ẹ wo iye gbèsè tí ó bá nílẹ̀ àti èyí tí ó fi sílẹ̀; ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tí ó ń mójú tó gbèsè, tí wọ́n ń pè ní DMO, a máa gbé iye ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde. Ẹni tí ó jẹ́ aṣòfin, ẹ wo àbá òfin tí ó gbé síwájú ilé. Ẹni tí ó jẹ́ oníṣòwò, ẹ wádìí bóyá ó ń san owó òṣìṣẹ́ rẹ̀ lásìkò.

Kò sí ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà tí ẹ kò ti ní rí ọmọ Ìgbómìnà tàbí ọmọ Ìbọ̀lọ́ tí ó ń ṣòwò tàbí tí ó ń kọ́ ọmọ, nítorí náà ẹ lo fóònù yín. Ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣe tíṣà ní ìpínlẹ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn olùdíje ti ṣe gómìnà rí. Ìpè ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló gbà. Mo bi í pé ọjọ́ wo nínú oṣù ni owó oṣù máa ń wọlé nígbà ìjọba ọkùnrin náà, mo bi í pé ẹni tí ó fẹ̀yìntì ń rí owó àjẹmọ́nú rẹ̀ gbà lẹ́yìn ọdún mélòó, mo sì bi í pé ta ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ ọ̀nà fún. Ó dáhùn méjì àkọ́kọ́ jẹ́jẹ́. Nígbà tí a dé orí ìkẹta, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbúrò, ṣé àna rẹ̀ ti àkọ́kọ́ ni kí n dárúkọ ni, àbí ti ìkejì?" N kò tún bi í ní ìbéèrè mìíràn.

Ìwà rere nìkan kò tó, torí ẹni tí kò lè borí níta kò lè ṣe ohun tí ẹ torí rẹ̀ mú un. Ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ pé ìbò tí ó pọ̀ jù lọ nìkan kò sọ ènìyàn di ààrẹ. Ó gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò tí wọ́n dì ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀ àti Àbújá. Nínú ìpínlẹ̀ 36, 24 nìyẹn. Ẹ jókòó kí ẹ ka 24 náà ní oókan-oókan fún ẹni tí ẹ fẹ́ mú. Kí ẹ má sì jẹ́ kí ariwo ilé tàn yín jẹ: ní ọdún 2023, Bola Tinubu ní ìbò 263,572 ní Kwara, ṣùgbọ́n 8,794,726 ni gbogbo ohun tí ó ní káàkiri orílẹ̀-èdè, ìyẹn ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ìbò tí ó rí, ti Kwara kò ju mẹ́ta lọ.

Ọ̀rọ̀ "ọmọ wa ni" le ju èyí lọ, pàápàá fún àwa tí a wà ní ibi tí a wà. Nínú ìpín òṣèlú, Àárín Gbùngbùn Àríwá ni wọ́n ka Kwara mọ́. Nínú ilé, Yorùbá ni a fi ń kí ara wa. Bí ẹgbẹ́ bá ní Àríwá ló kàn, wọn a wá bá wa pé ará Àríwá ni wá. Bí wọ́n bá ní Gúúsù ló kàn, wọn a wá bá wa pé ọmọ Oòduà ni wá. Àwọn kan ń pe èyí ní ìyà. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀: ẹni tí ìhà méjèèjì ń bẹ̀ lè gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì kí ó tó sọ̀rọ̀. Wọ́n á sì tún pa òwe fún yín pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà ti wo ìdí kí ó tó dárúkọ ìlẹ̀kẹ̀. Bukola Saraki, ọmọ Ìlọrin, dupò nínú ìdìbò abẹ́lé PDP ní Port Harcourt ní ọdún 2018, ó ní 317; ní Àbújá ní ọdún 2022, ó ní 70. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú ọmọ ilé lọ́tẹ̀ mìíràn, kí ó kọ́kọ́ béèrè pé ìpínlẹ̀ wo, yàtọ̀ sí tiwa, ni ìbò yòókù yóò ti wá.

Ní ti owó, n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ní ọdún 2022, fọ́ọ̀mù APC fún ipò ààrẹ jẹ́ mílíọ̀nù 100 náírà, ti PDP sì jẹ́ mílíọ̀nù 40. Ẹ béèrè ẹni tí ó san án fún olùdíje yín, torí ẹni náà ni yóò kọ́kọ́ wọlé lọ gba gbèsè. Àwọn tí ń pín "dìbò kí o sebẹ̀" yóò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin náà, òfin sì ka fífún àti gbígbà sí ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn mìíràn á tún gbé Kùránì, Bíbélì tàbí irin kalẹ̀ pé kí ẹ búra. Ẹ má búra. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti kọ orúkọ ẹni tí ẹ yàn sílẹ̀ ná, pé ìwé náà sì ní ìdí nínú.

Ó ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Ẹni tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ lè juwọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn lójú yín, ní gbọ̀ngàn ìdìbò. Aminu Tambuwal ṣe bẹ́ẹ̀ fún Atiku ní ọdún 2022. Nínú ìdìbò abẹ́lé APC ní Eagle Square, Àbújá, ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, Kayode Fayemi, Ibikunle Amosun àti Godswill Akpabio wà lára àwọn tí ó juwọ́ sílẹ̀ fún Tinubu, ẹni tí ó padà ní ìbò 1,271. Aṣojú tí kò bá ti ronú ṣáájú yóò kàn tẹ̀lé ọwọ́ tí olùdíje rẹ̀ nà, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó nà án sí lè jẹ́ ẹni tí kò yege lábẹ́ ìbéèrè ìyá onígàrí. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ kejì, kí ẹ kọ ìdí tirẹ̀ náà, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ẹ kò ní mú, ìbáà jẹ́ òun nìkan ló kù lórí pátákó. Ìwé tèmi wà nínú àpò tí mo ń fi káàdì ẹgbẹ́ sí. Orúkọ mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, mo sì ti fa igi sórí ọ̀kan.